Ẹni Tí A Lè Mú Là Ń Lèdí Mọ́: Ìwà Ìkà sí Ẹranko, Ipò Láwùjọ àti Black Beauty ti Anna Sewell

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a lè mú là ń lèdí mọ́. Ẹ̀sùn ni òwe yìí. Ó ń bá ẹni tí ó mọ ẹ̀ṣẹ̀ dunjú wí, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé agbo ilé aláìlágbára nìkan ni ó ti ń wá ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹ̀sùn yìí gan-an ni àwọn kan fi kan àwọn ẹgbẹ́ tí ó dìde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún láti tún ìwà àwùjọ ṣe àti láti dẹ́kun ìwà ìkà sí ẹranko. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ẹ̀sùn náà wò, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìtàn àròsọ kan tí ó ti inú àkókò náà jáde, èyí tí í ṣe Black Beauty, tí Anna Sewell kọ, tí ilé iṣẹ́ Jarrold sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1877.

Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìtàn náà rí ohun tí ẹgbẹ́ àti òfin kò fẹ́ rí. Òfin ń wo ọwọ́ tí ó mú pàṣán; ìtàn ń bèèrè ẹni tí ó rán ọwọ́ náà níṣẹ́. Bí ó ti wù kí ó rí, ìtàn náà pẹ̀lú ní ibi tí ojú rẹ̀ kò tó, kò sì yẹ kí lámèyítọ́ fi ìyẹn pamọ́ nítorí pé ìwé náà dùn ún kà.

Ojú ìmọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ni a ó fi wo ìtàn náà. Tíọ́rì yìí gbà pé iṣẹ́ lítíréṣọ̀ kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Inú àwùjọ kan ni a ti hun ún, àwùjọ náà sì ní olówó àti òṣìṣẹ́, ó ní ẹni tí ń ṣe òfin àti ẹni tí òfin ń mú. Nítorí náà ni ó fi tọ́ kí a kọ́kọ́ mọ àwùjọ náà kí a tó ṣí ìwé.

2.0 Ẹgbẹ́ Náà àti Àwọn Tí Ó Bá Wí

Ní ọdún 1822 ni Richard Martin, aṣòfin tí ó ń ṣojú Galway ní ilẹ̀ Ireland, rọ Ilé Aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù títí wọ́n fi ṣe òfin tí ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti lu ẹṣin, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, màlúù tàbí àgùntàn ní ìlù ìkà. Owó ìtanràn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ṣílè 10, kò sì gbọdọ̀ ju pọ́n-ùn 5 lọ. Ẹni tí kò bá rí i san lè lọ sí ẹ̀wọ̀n títí di oṣù 3. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbi owó yìí. Ìtanràn tí ọlọ́lá lè yọ nínú àpò láìwo ẹ̀yìn ni ó lè gbé darandaran ọjà tàbí awakẹ̀kẹ́-ẹṣin lọ sí ẹ̀wọ̀n. Òfin kan náà ni, ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ kò dọ́gba ní èjìká gbogbo ènìyàn.

Òfin tí kò ní aṣọ́ kì í pẹ́ di ìgbàgbé. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 1824, àlùfáà Arthur Broome pe ìpàdé kan sí ilé kọfí Old Slaughter's ní Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti dá Ẹgbẹ́ Adènà Ìwà Ìkà sí Ẹranko sílẹ̀. Thomas Fowell Buxton ni ó ṣe alága. Martin wà níbẹ̀, William Wilberforce náà sì wà níbẹ̀. Ní ọdún 1840 ni Ọbabìnrin Victoria fi àṣẹ sí i kí Ẹgbẹ́ náà máa jẹ́ orúkọ mọ́ ti ọba.

Orúkọ Buxton àti Wilberforce kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá mọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn méjèèjì wà lára òléwájú nínú ìjà sí òwò ẹrú. Èrò Buxton pé ìsìn Kristẹni, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti òwò títọ́ ni yóò pa òwò ẹrú run ni ó bí ìrìn-àjò orí odò Ọya ní ọdún 1841, èyí tí Samuel Àjàyí Crowther bá wọn lọ. Ọwọ́ tí ó jà fún ẹrú ni ó jà fún ẹṣin. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ojú ayé lásán ni àánú wọn yóò ní láti ṣàlàyé èyí. Ohun tí ó yẹ kí a wádìí ni ọ̀nà tí àánú náà gbà: ibi tí ó yà sí, àti ibi tí ó yẹ̀ sílẹ̀.

Ibi tí ó kọ́kọ́ yà sí ni ọjà màlúù Smithfield àti ìgboro Lọ́ńdọ̀nù. Ẹgbẹ́ náà rán aṣọ́ jáde, wọ́n sì ń mú àwọn darandaran, awakẹ̀kẹ́ àti àwọn tí ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kiri ọjà lọ sílé ẹjọ́. Ní ọdún 1835, òfin tuntun fòpin sí títú ajá sí akọ màlúù tí a so mọ́lẹ̀, ó sì fi òfin de ibi ìjà àkùkọ àti ìjà ajá. Ní Stamford, ní ìpínlẹ̀ Lincolnshire, níbi tí àwọn ará ìlú ti máa ń lé akọ màlúù kiri ìgboro lọ́dọọdún, ìjọba rán ọlọ́pàá àti sójà lọ. Ọdún 1839 ni wọ́n ṣe é kẹ́yìn. Ní ọdún 1839 kan náà ni òfin ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù ka kẹ̀kẹ́ tí ajá ń fà léèwọ̀ ní ìlú náà. Ní 1854, èèwọ̀ náà kárí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn oníṣòwò kéékèèké tí kò lówó ẹṣin ni wọ́n sábà máa ń lo irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kò sí èyí tí a kà sílẹ̀ yìí tí kì í ṣe ìkà. Akọ màlúù tí ajá ń já imú rẹ̀ jẹ kò bèèrè bí ẹni tí ó ń wòran bá jẹ́ tálákà tàbí ọlọ́rọ̀. Síbẹ̀, bí a bá to àwọn òfin náà lẹ́sẹẹsẹ, a ó rí i pé eré àti iṣẹ́ mẹ̀kúnnù ni wọ́n ń tẹ̀lé ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìkóríta kan dé òmíràn.

3.0 Ohun Tí Òfin Yọ Sílẹ̀

Ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní àwọn ọdún kan náà, àwọn onílẹ̀ àti ọlọ́lá ń gun ẹṣin lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, àgbọ̀nrín àti ehoro títí agbo ajá yóò fi fà wọ́n ya. Òfin kò kàn wọ́n. Ẹranko ilé ni òfin 1835 àti ti 1849 dáàbò bò. Ẹranko ìgbẹ́ wà lẹ́yìn odi. Títí di ọdún 1900, nígbà tí òfin kan dé fún ẹranko ìgbẹ́ tí ó wà ní ìgbèkùn, kò sí ẹni tí ó fi òfin bèèrè ìyà wọn. Ọdún 2004 ni Ilé Aṣòfin tó ṣe òfin tí ó ka fífi ajá dọdẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ léèwọ̀ ní England àti Wales. Láti ìgbà tí òfin ti dé bá eré akọ màlúù títí di ìgbà tí ó dé bá eré kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ọdún 169 ni ó kọjá.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1800, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé àbá wá láti fòpin sí eré akọ màlúù, William Windham dìde nínú Ilé Aṣòfin, ó sì sọ pé kò tọ́ kí ẹni tí ń dọdẹ fún ìgbádùn máa gba eré lọ́wọ́ tálákà. Ní 1809, àlùfáà Sydney Smith fi Ẹgbẹ́ Adènà Ìwà Àìmọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1802, ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìwà àìmọ́ àwọn tí owó wọn kò tó iye kan nìkan ni ojú rẹ̀ ń rí. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣọ́ra fún Windham. Kò sọ pé kí wọ́n fi òfin mú ọlọ́lá pẹ̀lú. Ohun tí ó fẹ́ ni kí wọ́n fi gbogbo wọn sílẹ̀. Ó fi òtítọ́ nípa àìdọ́gba ṣe ààbò fún ìkà. Lámèyítọ́ òde òní tí ó bá kàn ń ka ẹ̀sùn náà láìwo ẹnu tí ó ti jáde lè bá ara rẹ̀ lẹ́yìn Windham láìmọ̀.

Ẹni kan wà nínú Ẹgbẹ́ náà tí ó fi òṣùwọ̀n kan wọn gbogbo ènìyàn. Lewis Gompertz, ọmọ Júù tí ó di akọ̀wé lẹ́yìn Broome, kì í jẹ ẹran, kì í sì í wọ kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà. Ó tako ọdẹ àwọn ọlọ́lá gẹ́gẹ́ bí ó ti tako ìjà àkùkọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1830, nígbà tí Ẹgbẹ́ náà pinnu pé orí ẹ̀kọ́ ìsìn Kristẹni nìkan ni òun dúró lé, Gompertz kúrò, ó sì lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún onílẹ̀ ni ó rí fún onímọ̀. Ní ọdún 1874, níbi ìpàdé àwọn oníṣègùn ní Norwich, oníṣègùn kan láti ilẹ̀ Faransé fi abẹ́rẹ́ fa ọtí líle sí ara ajá lójú gbogbo ènìyàn. Ẹgbẹ́ náà pe ẹjọ́, ṣùgbọ́n wọn kò jàre. Frances Power Cobbe, tí ó rí i pé Ẹgbẹ́ náà ń lọ́ra lórí ọ̀rọ̀ yìí, dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ ní 1875. Òfin tí ó jáde ní 1876 kò ka fífi ọ̀bẹ wádìí lára ẹranko alààyè léèwọ̀. Ó ní kí ẹni tí yóò ṣe é gba ìwé àṣẹ. Awakẹ̀kẹ́ gba ìwé ìpẹ̀jọ́, onímọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ìwé Sewell jáde, ní ìlú Norwich kan náà.

4.0 Ẹṣin Gẹ́gẹ́ Bí Asọ̀tàn

Ọdún 1820 ni wọ́n bí Anna Sewell ní Great Yarmouth, sínú ìdílé àwọn ẹlẹ́sìn Quaker. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 14, ó ṣubú, kò sì lè rìn dáadáa mọ́ títí ó fi kú ní 1878, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ìwé rẹ̀ jáde. Ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ni ó di ẹsẹ̀ fún un. Nítorí náà, nígbà tí ó ń kọ nípa ọrùn àti ẹnu ẹṣin, nípa ohun tí ó gbé òun rìn ni ó ń kọ.

Ọgbọ́n ìsọ̀tàn tí ó lò rọrùn lójú: ẹṣin ni ó ń ròyìn ìgbésí ayé ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá dàgbà nídìí àlọ́ lè rò pé ohun tí ó mọ̀ nìyí. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà. Nínú àlọ́ Yorùbá, Ìjàpá a máa gbé aya, a máa jẹ gbèsè, a máa bá ọba sọ̀rọ̀. Ènìyàn ni ó wọ awọ ẹranko. Ìfohunpènìyàn ti Sewell kò dé ibẹ̀. Ẹṣin rẹ̀ ní èrò, ó sì ń bá ẹṣin sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kò lè kọ ẹrù, kò sì lè yan ọ̀gá. Òǹkàwé nìkan ni ó gbọ́ ọ. Gbogbo ìrora ìwé náà ti inú àlàfo yìí wá: asọ̀tàn mọ ohun tí ń pa á, ẹni tí ó lè tú u sílẹ̀ kò sì gbọ́.

Àhunpọ̀ ìtàn náà tún ṣe pàtàkì ju bí àwọn tí ó kà á sí ìwé ọmọdé ti rò. Títà ni ó so ìtàn náà pọ̀. A ta Black Beauty láti ọwọ́ kan sí òmíràn: láti ilé Squire Gordon ní Birtwick sí ààfin ọlọ́lá ní Earlshall, láti ibẹ̀ dé ilé ayálégbé-ẹṣin, dé ìgboro Lọ́ńdọ̀nù lábẹ́ kẹ̀kẹ́ akérò. Nígbà tí George Angell tẹ ìwé náà ní Amẹ́ríkà ní 1890 láti pín in kiri, ó gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí Uncle Tom's Cabin ti àwọn ẹṣin. Ìfiwéra náà bá àhunpọ̀ ìtàn mu. Ohun tí a ń tà a máa wọ ilé gbogbo. Aṣọ́ Ẹgbẹ́ kò lè dé ibùjẹ ẹran ọlọ́lá. Ẹṣin dé ibẹ̀, ó sì sun ibẹ̀. Ipò asọ̀tàn gẹ́gẹ́ bí ọjà ni ó fún ìtàn náà ní ojú tí ó lè wo gbogbo ìsọ̀rí àwùjọ.

5.0 Ta Ni Ó Rán Pàṣán Níṣẹ́?

Láti orí kejì ìwé náà ni Sewell ti wọ inú oko tí òfin kò wọ̀. Àwọn ọlọ́lá ń fi ẹṣin àti ajá lé ehoro kan. Ẹṣin méjì ṣubú; Rob Roy kán lẹ́sẹ̀, wọ́n sì yìnbọn pa á; ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gùn ún, ọmọ Squire Gordon, kú. Ẹ̀mí ènìyàn kan àti ti ẹṣin kan lọ nítorí ehoro. Kò sí ẹni tí a mú lọ sílé ẹjọ́.

Ní Earlshall, ìkà wọ aṣọ àrà. Ìyá ààfin fẹ́ kí orí ẹṣin rẹ̀ ga sókè bí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí náà ó ní kí wọ́n máa fa okùn ìjánu tí ń gbé orí sókè le sí i. Okùn yìí kì í jẹ́ kí ẹṣin na ọrùn láti fa ẹrù gun òkè. York, olórí awakẹ̀kẹ́, mọ̀ pé kò dára, ó sì mọ ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n ó fà á, nítorí pé ẹni tí ó ń jẹun lábẹ́ ọlọ́lá kò lè fi ọ̀bẹ gé okùn tí ọlọ́lá so. Ọwọ́ York ni a rí lójú okùn. Àṣẹ kò ti ọwọ́ rẹ̀ wá.

Ibi tí ìtàn náà ti jinlẹ̀ jù lọ ni ìgboro Lọ́ńdọ̀nù. Jerry Barker, awakẹ̀kẹ́ akérò, jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé fi í ṣe ẹ̀rí pé ìwà ẹni kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ṣùgbọ́n Sewell sọ nǹkan kan tí ó rọrùn láti fò kọjá: Jerry ni ó ni kẹ̀kẹ́ rẹ̀, òun ni ó sì ni ẹṣin rẹ̀ méjèèjì. Ní òdì kejì rẹ̀ ni Seedy Sam, tí ó ń yá kẹ̀kẹ́ àti ẹṣin méjì lọ́wọ́ Skinner ní ṣílè 18 lóòjọ́ ní àkókò tí iṣẹ́ bá pọ̀. Kí ó tó rí kọ́bọ̀ kan fún aya àti ọmọ, ó ní láti pa ṣílè 18 náà. Bí ẹṣin bá rẹ̀, kò sí ààyè fún un láti sinmi. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Aṣọ́ Ẹgbẹ́ tí ó bá dúró ní ìkóríta yóò rí Sam àti pàṣán rẹ̀. Kò ní rí Skinner tí ó jókòó sílé, kò sì ní rí èrò ọkọ̀ tí ó ní kí wọ́n yára. Láìpẹ́ Sam kú. Ikú rẹ̀ àti ti Ginger, ẹṣin pupa tí wọ́n lò títí ó fi kú ní ìgboro kan náà, jọ wà nínú ìwé kan. Ètò kan náà ni ó sì pa àwọn méjèèjì.

Jerry náà kò mórí bọ́. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ ọdún tuntun, àwọn ọkùnrin ọlọ́lá méjì fi í sílẹ̀ sínú òtútù pẹ̀lú ẹṣin rẹ̀, wọ́n ń ta káàdì nínú ilé. Àìsàn àyà kọ lù ú, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, lọ́wọ́ Jakes tí ń kó ọkà, alábòójútó ni ó ń ní kí wọ́n di ẹrù kún ẹrù, nígbà tí Jakes fúnra rẹ̀ ń sọ pé ó ti pọ̀ jù. Léraléra ni Sewell ń mú ojú òǹkàwé kúrò lára ẹni tí ń wa kẹ̀kẹ́, tí ó sì ń darí rẹ̀ sí ẹni tí ń san owó tàbí ẹni tí ń gba owó.

6.0 Ibi Tí Ìtàn Náà Kù Sí

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Sewell rí ẹ̀tẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí oògùn dé, làpálàpá ni ó fi í pa. Ẹni kan ṣoṣo tí ọwọ́ òfin tẹ̀ kedere nítorí ẹṣin nínú ìwé náà ni awakẹ̀kẹ́ bíríkì tí ó mutí, tí Joe Green jẹ́rìí ta kò. Adájọ́ tí wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ bá ni Squire Gordon, onílẹ̀. Èyí bá ètò Ẹgbẹ́ mu pátápátá: ọlọ́lá lórí àga, òṣìṣẹ́ níwájú rẹ̀. Ìyá ààfin Earlshall kò dúró níwájú adájọ́ kankan. Skinner pẹ̀lú kò dúró.

Ọ̀nà àbáyọ inú ìtàn náà tún jẹ́ àánú ẹni gíga. Obìnrin olówó kan ni ó gba Jerry síṣẹ́ ní ìgbèríko. Àwọn obìnrin ọlọ́lá ni Black Beauty bá lọ sinmi níkẹyìn. Ginger, tí ó ń tapá sí ẹni tí ń ni ín lára, ni ìtàn náà fọ́ sí wẹ́wẹ́. Black Beauty, tí ó ń fara dà á, ni ó rí ìsinmi. Ẹ̀kọ́ tí èyí ń kọ́ ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Sam sọ bí ètò náà ti ń pa òun, àwọn awakẹ̀kẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́, a sin ín, owó ìyákẹ̀kẹ́ sì wà ní ṣílè 18.

Ṣùgbọ́n kò ní tọ́ kí a tìtorí èyí da ìwé náà nù. Ìtàn lè fi ẹnu asọ̀tàn gbà pé sùúrù ni ó dára jù, kí ohun tí ó kó jọ nínú orí rẹ̀ sì máa jẹ́rìí òmíràn. Ṣílè 18 tí Sam ń wá kì í kúrò lọ́kàn òǹkàwé nítorí pé ẹṣin kan rí ilé rere níkẹyìn.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ti gbìyànjú láti fi hàn ni pé àṣìṣe Ẹgbẹ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún kì í ṣe pé ó mú awakẹ̀kẹ́ tí ń lu ẹṣin. Ẹṣin náà ní ẹ̀tọ́ sí ààbò yẹn. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó dúró síbẹ̀, ó sì pe ibi tí ó dúró sí ní òpin ìkà. Windham fẹ́ kí òfin má bẹ̀rẹ̀ rárá. Gompertz fẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn, kò sì rí ààyè. Sewell, tí kò ṣe òfin kankan, ni ó fi ìtàn tọ ipa owó láti ẹnu ẹṣin títí dé ilé ẹni tí ó ni kẹ̀kẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ilé. Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní gúúsù Nàìjíríà ní ẹsẹ 495, tí ó sọ ìwà ìkà sí ẹranko di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá rí màlúù tí wọ́n dì mọ́ra nínú ọkọ̀ akẹ́rù láti Òkè Ọya wá sí Èkó, awakọ̀ ni yóò kọ́kọ́ bú. Awakọ̀ náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ka ìtàn Sam yóò tún bèèrè iye tí wọ́n gba ọkọ̀ náà, ẹni tí ó ni ín, àti ẹni tí ń dúró de ẹran olówó pọ́ọ́kú ní Èkó. Bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí a fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò. Ẹni tí ó mú àáké àti ẹni tí ó rán an ní igi ni òwe náà ń bá wí.